Agogo, bàtá àbí gángan? Ìfiwéra ọ̀nà márùn-ún tí a lè gbà mú ẹ̀rọ ìgbì bá òkun Ìlàjẹ mu

Lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn bá ń wá iṣẹ́ àṣekágbá, méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn a máa wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ọ̀bà-Ilé, níwájú Àkúrẹ́ díẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè kan náà: "Ọ̀gá, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì òkun ṣe iná la fẹ́ ṣe o. Báwo la ṣe máa mú un bá ìgbì mu, nígbà tí ìgbì ò dúró sójú kan?" Lọ́dún yìí, àwọn àgbààgbà mélòó kan láti etí òkun Ìlàjẹ náà béèrè lọ́wọ́ mi. Tiwọn kì í ṣe nítorí máàkì. Wọ́n fẹ́ mọ irú èyí tó yẹ kí wọ́n gbà bí ẹnikẹ́ni bá gbé àbá rẹ̀ wá sílùú wọn. Àwọn méjèèjì ni mo kọ eléyìí fún.

Ìlù ni mo máa ń fi ṣàlàyé. Agogo, ohùn tí alágbẹ̀dẹ bá fún un ló ń bá lọ títí. Bàtá, wọ́n á fi ìda sí i lójú kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún ìda náà ṣe, eré á máa lọ. Ti gángan yàtọ̀: abẹ́ abíyá ló wà, bí onílù ṣe ń fún ọsán rẹ̀ ni ohùn ń yí, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú ẹ̀rọ bá ìgbì mu jọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, àfi pé méjì kan wà láàárín bàtá àti gángan tó yẹ ká yẹ̀ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí ló dé tí a fi ní láti mú un bá ìgbì mu?

Ẹni tó bá ti ti ọmọdé lórí jangilọ́fà rí mọ̀ pé agbára apá kọ́ ló ń gbé e ga. Àsìkò ni. Bí o bá tì í nígbà tó ń bọ̀ wá bá ọ, ńṣe lo ń dá a dúró. Bí o bá tì í bó ṣe fẹ́ máa padà lọ, ọwọ́ kan tó o.

Gbogbo ohun tó bá ń léfòó lórí omi ló ní ìwọ̀n ìgbà tirẹ̀ tó fi ń lọ sókè sódò. Táǹkì omi ńlá kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tí a gé orí rẹ̀ kúrò. A máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 sínú rẹ̀. Bí a bá rọ iyanrìn sí i títí tó fi rì dé èjìká, tí a tẹ̀ ẹ́ wọlé, tí a wá fi í sílẹ̀, ó máa gba ìṣẹ́jú àáyá 6 kó tó lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí a bá bu iyanrìn kúrò títí tó fi rì dé ìdajì péré, ìṣẹ́jú àáyá 4 àti díẹ̀ ló máa gbà á. Nígbà tí a bá wá fi pátákó da omi náà láàmú bí ìgbì, kẹ́ẹ̀gì tí àkókò rẹ̀ bá ti ìgbì mu máa ń fò débi pé omi máa ta sí wa lára. Èkejì á kàn máa mì lẹ̀ǹgẹ̀ lẹ̀ǹgẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kan náà ni o, omi kan náà.

Ní 1975, Kjell Budal àti Johannes Falnes ní orílẹ̀-èdè Norway fi hàn pé ohun kékeré tó ń lọ sókè sódò, bó bá bá ìgbì mu dáadáa, lè gba agbára tó wà nínú ìgbì tó fẹ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Ìwọ̀n tó ga jù ni gígùn ìgbì tí a pín sí 6.28. Ìgbì tó ń dé ní ìṣẹ́jú àáyá méjìlá méjìlá lójú agbami gùn tó mítà 225, nítorí náà ẹ̀rọ tó fẹ̀ ní mítà 5 péré lè máa mu nínú ìgbì tó fẹ̀ tó mítà 36. Lórí ìwé nìyẹn, ojú omi kì í fúnni tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni owó wà, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń wá bí wọ́n ṣe máa rí i gbà.

Ohun tí mo fi ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan

Òkun fúnra rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Mo ti dúró létí omi ní Ayétòrò pẹ̀lú bàbá apẹja kan, fóònù lọ́wọ́ mi, tí mo ń ka ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín orí ìgbì kan àti ìkejì. Mọ́kànlá. Mẹ́tàlá. Méjìlá. Méjìlá. Mẹ́rìnlá. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́ rárá lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Bàbá, níbo ni ìgbì yìí ti ń bọ̀ láìsí afẹ́fẹ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, àlejò ni. Kì í ṣe ìhín ni wọ́n ti bí i." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Ìjì tó ń jà ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sí wa, ló ń ti ìgbì yìí wá. Nítorí pé ó ti rìn jìnnà, àwọn ìgbì kéékèèké ti kú sọ́nà, èyí tó gùn, tó rọra ń bọ̀, ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Gíga rẹ̀ sábà máa ń wà ní bíi mítà kan sí mítà kan ààbọ̀, ó sì máa ń ga sí i láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣírò agbára tó wà nínú rẹ̀, ẹ fi gíga ìgbì lọ́po ara rẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá àlàfo rẹ̀ (ìyẹn láàárín orí ìgbì kan àti ìkejì) lọ́po èyí tó bá jáde, kí ẹ wá pín in sí méjì. Iye kílówáàtì tó wà nínú mítà kọ̀ọ̀kan ìgbì lójú agbami nìyẹn, ó súnmọ́ ọn gan-an. Ìgbì tó ga ní mítà 1.2, tó ń dé ní ìṣẹ́jú àáyá 12, ní bíi kílówáàtì 8.6. Tó bá rọlẹ̀ sí mítà 0.8, tí àlàfo rẹ̀ sì di 10, 3.2 ló kù. Lójú òkun Scotland, níbi tí ìgbì mítà 3 kì í ti í ṣe ohun ìyanu, bí àlàfo rẹ̀ bá jẹ́ 10, 45 lẹ máa rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán ẹ̀rọ Scotland wá polówó fún yín.

Èkejì, báwo ni òkun ṣe ń yára yí padà? Tiwa kì í yára. Ìgbì àárọ̀ yìí àti ti àárọ̀ ọ̀la máa ń jọra, àfi bí ìjì òjò bá já lójijì ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí àsìkò òjò.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ẹ̀rọ máa ń ṣe nígbà tí omi bá bínú. Ẹ̀kẹrin ni owó. Ìkarùn-ún ni mo kà sí jù: ta ló máa tún un ṣe? Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ra ẹ̀rọ ìdarí kan fún fáńpù omi tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ ní abúlé kan létí omi. Nígbà tó kọṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè ṣí i. Ẹni tó tà á fún wa ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í pa. Oṣù mẹ́rin gbáko làwọn èèyàn fi pọn omi pẹ̀lú garawa, bẹ́ẹ̀ fáńpù náà ò ní àìsàn kankan. Láti ọjọ́ náà, n kì í fi ìbéèrè yìí sí ìsàlẹ̀ mọ́.

Agogo: ẹ̀rọ tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan tí a ò tún yí padà

A ó yan àlàfo ìgbì kan, a ó kan ẹ̀rọ sí ìwọ̀n rẹ̀, ó parí. Òun ló wọ́n kéré jù, kò sì sí ohun púpọ̀ tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀. Fún iṣẹ́ kékeré, ó ti pẹ́ tó ti fakọ yọ: láti 1965 ni wọ́n ti ń ta àmì ojú omi tí Yoshio Masuda ṣe ní Japan, tó ń fi ìgbì tan iná ara rẹ̀ kí ọkọ̀ lè mọ ọ̀nà. Iná gílóòbù kan kò bèèrè kí ẹ̀rọ gba gbogbo agbára ìgbì.

Wàhálà rẹ̀ fún Ìlàjẹ ni gígùn àlàfo ìgbì wa. Kí ohun tó ń léfòó tó lè ní ìṣẹ́jú àáyá 12 gẹ́gẹ́ bí àkókò ara rẹ̀, ó ní láti dà bí òpó tó wọ inú omi tó lé ní mítà 30. Omi tó jìn tó bẹ́ẹ̀ ò sí nítòsí etí òkun wa, níbi tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ti jẹ́ ẹrẹ̀ tó ń tẹ́ lọ rẹrẹ. Bí ẹ bá sì ṣe é kékeré, àkókò rẹ̀ á wà ní ìṣẹ́jú àáyá 4 tàbí 5. Kẹ́ẹ̀gì tó ń mì lẹ̀ǹgẹ̀ lẹ̀ǹgẹ̀ yẹn náà ni.

Bàtá: à ń tún ìda rẹ̀ ṣe bí òkun bá yí

Níhìn-ín, ẹ̀rọ kò bìkítà fún ìgbì kọ̀ọ̀kan. Ó ń wo bí òkun ṣe rí láàárín bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó wá yan ìjánu tó yẹ. Jẹnẹrétọ̀ ni ìjánu náà: bí ẹ bá jẹ́ kó gba iná púpọ̀, ó máa fa ẹ̀rọ sẹ́yìn, bí ẹ bá dín in kù, ẹ̀rọ á fò fàlàlà, ṣùgbọ́n kò ní mú nǹkan wálé. Láàárín méjèèjì, ibì kan wà tó dára jù, ibẹ̀ sì ń yí pẹ̀lú òkun. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn tún máa ń fa omi sínú ikùn wọn tàbí kí wọ́n tú u jáde kí wúwo wọn lè yí, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń fi iyanrìn sí kẹ́ẹ̀gì.

Ẹ wo Mutriku, ní ilẹ̀ Basque ní Spain. Láti 2011, inú ògiri tí wọ́n fi dá ìgbì dúró létí èbúté ni wọ́n kọ́ yàrá afẹ́fẹ́ sí. Ìgbì á wọlé láti ìsàlẹ̀, á ti afẹ́fẹ́ jáde, á tún fà á padà, afẹ́fẹ́ náà á máa yí tọ́báìnì. Tọ́báìnì 16 ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 296. Apá kan náà ló máa ń yí sí, ì báà jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń jáde tàbí ó ń wọlé. Alan Wells ní Belfast ló ronú kàn án. Àléébù rẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ bá le jù, ọwọ́ rẹ̀ máa ń rọ lójijì. Yíyí ìyára tọ́báìnì bá òkun mu ṣe pàtàkì níbẹ̀, bákan náà ni fáàfù tó ń tú afẹ́fẹ́ tó bá pọ̀ jù jáde.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún wa. Níbi tí òkun kì í ti í yára yí, ẹni kan tó mọ̀wé díẹ̀ lè máa yí ìjánu náà fúnra rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo nísàlẹ̀ omi tó ń ka gíga àti àlàfo ìgbì. Bí sẹ́ńsọ̀ náà bá kú, ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò kàn ní máa mú iná tó bó ṣe yẹ ni. Àǹfààní ńlá nìyẹn.

Ohun kan tí mo ní láti sọ fún àwọn ará Ayétòrò: irú ògiri Mutriku yẹn, ẹ má gbà á. Orí àpáta ló yẹ. Òkun ti gbé ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ibojì lọ lọ́dọ̀ yín, etí omi ń sún wọlé lọ́dọọdún, ilẹ̀ sì jẹ́ ẹrẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń léfòó tí a fi ìdákọ̀ró dì mú ló bá yín mu, torí pé a lè fà á kúrò.

Dì í mú, fi í sílẹ̀

Ọmọ tó fẹ́ bẹ́ sínú okùn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fì kì í kó wọ̀ ọ́ ṣáá. Ó máa dúró, á máa mi orí, ìgbà tó bá tó ni yóò bẹ́. Bí ọ̀nà kẹta ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀rọ kékeré tí àkókò rẹ̀ kúrú ju ti ìgbì lọ máa ń dé òkè kí ìgbì tó ṣe tán. Ẹ dì í mú síbẹ̀ pẹ̀lú bíréèkì. Ìgbì á rọlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá tó àsìkò, ẹ fi í sílẹ̀, á já wálẹ̀ tagbára-tagbára. Ẹ tún dì í mú nísàlẹ̀. Budal àti Falnes náà ló wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi èyí lélẹ̀.

Ẹ rí i pé ìṣòro tó pa agogo ní Ìlàjẹ, àlàfo ìgbì tó gùn, òun gan-an ló mú kí ọ̀nà yìí dára níbẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kékeré hùwà bí ẹ̀rọ ńlá. Kò sì nílò kí ẹ dá iná padà sínú omi, ohun tí màá ṣàlàyé láìpẹ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò iṣẹ́ tí bíréèkì náà máa ṣe. Ìgbì kan ní ìṣẹ́jú àáyá 12 jẹ́ 7,200 lójúmọ́. Ìdìmú méjì fún ìgbì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 14,400. Láàárín ọdún kan, ó ti lé ní mílíọ̀nù márùn-ún, nínú iyọ̀ tó ń mú irin dógùn-ún. Kò sí mẹkáníìkì ní gbogbo Ìgbókòdá tó máa gbọ́ iye yẹn tí kò ní mi orí. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́, fáàfù lè máa pa afẹ́fẹ́ dé dípò kí bíréèkì máa di irin mú, ìyẹn sì fúyẹ́ díẹ̀. Wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò ní Mutriku pẹ̀lú tọ́báìnì mìíràn tó ní fáàfù tó yára. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀nà kẹta, èyí tó ń dí afẹ́fẹ́ ni kí ẹ wò.

Sípíríǹgì tó ń ta kò

Sípíríǹgì tí a mọ̀ máa ń fa nǹkan padà sí àárín. Èyí ń tì í kúrò ní àárín, nítorí náà ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ fúyẹ́ débi pé ìgbì oríṣiríṣi lè gbé e fò láìjẹ́ pé kọ̀ǹpútà ń ṣe ìṣirò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iléeṣẹ́ CorPower Ocean ti Sweden fi sílíńdà afẹ́fẹ́ ṣe tiwọn. Ní 2023, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó fẹ̀ ní mítà 9, tó jẹ́ kílówáàtì 300, sí òkun Aguçadoura ní Portugal. Ìjì dé lọ́dún náà, ìgbì kan ga tó mítà 18.5, ẹ̀rọ náà sì là á já, nítorí pé bí omi bá bínú, ńṣe ni wọ́n ń mú kó má bá ìgbì mu mọ́, kí ìgbì lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún mi. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé mímú ẹ̀rọ bá ìgbì mu, iná nìkan ló wà fún. Ó tún jẹ́ ọ̀nà ìsápamọ́.

Owó rẹ̀ ga, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń ṣe é, sílíńdà afẹ́fẹ́ tó ń jò kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò ní irinṣẹ́. Mi ò ní lọ jìnnà lórí ẹ̀.

Gángan: ìgbì sí ìgbì

Èyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fẹ́ jù, mo sì mọ ìdí: ó dùn lórí kọ̀ǹpútà. Sẹ́ńsọ̀ tó wà níwájú á rí ìgbì kí ó tó dé, kọ̀ǹpútà á ṣírò ohun tó máa ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, jẹnẹrétọ̀ á wá fa ẹ̀rọ tàbí kó tì í, bí onígángan ṣe ń fún ọsán. Nínú ìṣirò, kò sí èyí tó ń mú iná wá tó o.

Títì yẹn ló ń ná owó. Nígbà míì, ẹ̀rọ ní láti gba iná padà lọ́wọ́ bátìrì kó lè bá ìgbì mu, kó tó wá san án padà. Ẹ jẹ́ ká ní ó yá 3, ó sì gba 4 padà. Èrè 1 ni. Ṣùgbọ́n bí ohun èlò yín bá ń fi ìdá 20 nínú 100 ṣòfò lọ́nà kọ̀ọ̀kan, kí 3 tó dé inú omi, 3.75 ló máa kúrò nínú bátìrì, 4 tó padà wá á sì di 3.2. Ẹ ti pàdánù 0.55. Bí òfò náà bá jẹ́ ìdá 5 péré, ẹ máa jèrè 0.64. Gbogbo ọgbọ́n inú kọ̀ǹpútà dúró lórí bí irin àti wáyà ṣe dára tó. Ẹ fi kún un pé ìkarawun kéékèèké tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ apẹja máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ yìí náà, wúwo rẹ̀ á yí, ìṣirò tó wà nínú kọ̀ǹpútà á sì máa ṣe ti ẹ̀rọ tí kò sí mọ́.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ FUTA àti ti Òkìtìpupa, gángan tọ́ sí yín, lórí kọ̀ǹpútà. WEC-Sim àti Nemoh, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò bí ẹ̀rọ ìgbì ṣe máa ṣe lójú omi, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lè fi ìgbì Ìlàjẹ sínú wọn kí ẹ sì fi ọ̀nà márààrún wéra fúnra yín. Bí ẹ bá fẹ́ kan ẹ̀rọ gidi fún táǹkì, ọ̀nà dì-í-mú ni kí ẹ ṣe: bíréèkì kékeré kan àti pátákó Arduino kan (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ) tó o, ẹ ó sì fojú rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá fẹ́ tan iná àmì ojú omi fún ọkọ̀, tàbí kó fi iná sí sẹ́ńsọ̀, kó mú agogo. Kó má da ara rẹ̀ láàmú.

Ìlú etí òkun tí wọ́n bá gbé àbá ẹ̀rọ ìdánwò wá fún, bàtá ni mo bá yín fọwọ́ sí: ẹ̀rọ tó ń léfòó, tó ní ìjánu tí a lè fi ọwọ́ yí, tí a sì lè fà wá sí èbúté Ìgbókòdá nígbà tí òkun bá fẹ́ ru. Bí olówó bá ní gángan lòun mú wá, ẹ bi í léèrè bóyá ẹ̀rọ náà ṣì lè ṣiṣẹ́ bí bàtá lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà bá kú. Kó fi hàn yín lójú omi, kí ẹ tó buwọ́ lùwé. Sípíríǹgì, ẹ fi í sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ ńlá tó máa gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sójú agbami.

Àmọ́ ilé tó ń wá iná tí wọ́n máa lò lóṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n ra sólà. Ẹ̀rọ ìgbì kò tíì dé ibẹ̀ yẹn.

Ohun tó sì yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ kan nísàlẹ̀ omi fún ọdún kan gbáko, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, kí a tó kan ohunkóhun. Bàbá apẹja yẹn ti ní kí n gbé e wá, àwọn á fi àwọ̀n àti òpó yí i ká kí ọkọ̀ má baà fi ìdákọ̀ró fà á tu.